Táyà ẹ̀yìn kúrúsà: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Táyà ẹ̀yìn máṣíìnì mi ti kú, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó. Yamaha V-Star 650, ọ̀kan nínú àwọn máṣíìnì ńlá tí wọ́n ń pè ní kúrúsà, ni mò ń gùn. Ọ̀nà Ṣágámù ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, bó bá sì di Sátidé, mo máa ń gba Ìtóìkín lọ jẹ ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ọ̀nà gbọọrọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní kọ́nà yẹn ló jẹ táyà náà láàárín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ní eyín, àmọ́ àárín ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Tí mo bá ń lọ tààrà, kò sí wàhálà. Tí mo bá wá fẹ́ yà, máṣíìnì á kọ́kọ́ ta kú, lẹ́yìn náà á ṣàdédé wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó tẹ òfo lórí àtẹ̀gùn.

Mo ti dé Sábó. Ọkùnrin kan ní kí n gbé 180, ìyẹn èyí tó fẹ̀ tó 180 mìlímítà, ó ní ẹ̀yìn máṣíìnì á kún, á wuyì. Èkejì ní tòkunbọ̀ ni kí n rà. Ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ ta táyà, ẹ̀pà ló ń tà, òun ló ní kí n lọ fi táyà mọ́tò sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni 170/80-15 77S: 170 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 15 ni wíìlì rẹ̀ ní íǹṣì. Ẹni tó bá ti rà á rí ni kó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn fún mi.

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì

Àbúrò, àṣìṣe tèmi ni màá fi bẹ̀rẹ̀, kó má baà di tìẹ. Honda Shadow 750 ni tèmi, 160/80-15 ló ń wọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún 2021, mo rí táyà tòkunbọ̀ kan lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Eyín rẹ̀ jìn, ó dúdú, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Òróró ni wọ́n fi pa á lóòótọ́, ìgbà tó yá ni mo mọ̀. Mo san 45,000 náírà, mo ń fi ọ̀fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń ra tuntun.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. 1110 ló wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún: ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2010. Táyà náà ti pé ọdún mọ́kànlá láyé kí n tó fojú kàn án. Rọ́bà kì í dúró de ẹni tó máa gùn ún kó tó darúgbó. Bó jókòó sórí àtẹ lásán, oòrùn àti ooru ń mú un le, ó sì ń sán wẹ́wẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí mo rí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín lẹ́bàá rímù. Mo ní kò burú. Lọ́jọ́ kan mò ń bọ̀ láti Agbára, bóyá 80 ni mò ń sá, ni ẹ̀yìn máṣíìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí i rí mọ ohun tí mò ń wí. Ìdí rẹ ń lọ sápá òsì, ọwọ́ rẹ ń lọ sápá ọ̀tún. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó dáa lọ́jọ́ náà ni pé mi ò tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Mo di ọwọ́ mú, mo jẹ́ kí eré máṣíìnì rọra sọ̀ kalẹ̀, mo wá ń fi bíréèkì iwájú tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ títí mo fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́run ló yọ mí, òun àti awakọ̀ dánfó kan tó wà lẹ́yìn mi tó tètè rí i.

Wíìlì onísípóòkù bíi tìrẹ ni tèmi, tuúbù ló wà nínú ẹ̀. Tuúbù kì í sábà rọra jò. Bó bá ti ya, pọ́ọ̀, ó tán.

Ọmọ Ìgbógbó

Yéè. Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n.

Aláró l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Ẹ ó bínú sí mi, àmọ́ ẹlẹ́pà yẹn kò purọ́ tán. Ó ti pé ọdún méjì tí táyà mọ́tò ti wà lẹ́yìn Suzuki C50 mi. 170/80-15 ni ìwé rẹ̀ wí, bíi tìẹ. Mo rí táyà ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá, 165/80R15, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó kó ọjà jọ sílé, mo fi sí i. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àtijọ́ mu. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì owó táyà máṣíìnì, eyín rẹ̀ ò tíì lọ síbì kankan. Ẹni tó ń lọ tààrà láti ilé dé ọjà, kí ló tún kù?

Ìyá Ìbejì Onímáṣíìnì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ èyí tó kù. Ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́jọ́ tá a jọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ rántí? Ibi tí títì ti tẹ̀ sápá kan nítorí omi òjò, mo rí ẹ̀yìn máṣíìnì yín tó ń fi etí táyà kan ṣoṣo rìn. Kọ́nà tí gbogbo wa fi ara lásán yà, ẹ̀yin ń fi agbára ọwọ́ tì í.

Kì í ṣe àrífín o. Mọ́tò kì í ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yà, ìdí nìyẹn tí ojú táyà rẹ̀ fi tẹ́. Máṣíìnì gbọ́dọ̀ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi rí roboto bí ẹ̀yìn igbá. Etí rímù wọn pàápàá kò ṣe ọgbọọgba, àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn sì ń kìlọ̀ pé ká má ṣe é. Ohun tí Ọmọ Ìgbógbó ń sá fún nìyẹn. Táyà rẹ̀ ti tẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá ní kó lọ fowó ra èyí tó tẹ́ láti ilé iṣẹ́.

Aláró l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀nà tó tẹ̀. Apá máa ń ro mí bí mo bá dé. Mi ò sọ pé kò nira, mo ní kò wọ́n.

Ìyá Ìbejì Onímáṣíìnì

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Tèmi rèé. Virago 535 ni mò ń gùn, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, 140/90-15 ló ń wọ̀ lẹ́yìn. Èmi ò mọ nǹkan kan nígbà kan nípa nọ́ńbà àti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìwọ̀n táyà, irú 77S ti Ọmọ Ìgbógbó yẹn. Mo rò pé àmì ilé iṣẹ́ lásán ni. Ọjọ́ tí mo ra kúlà ẹja kan ní ọjà Olúwo, tí mo dè é sẹ́yìn, tí àbúrò mi tún jókòó síwájú rẹ̀, ni ọ̀gá fọkanáísà kan pè mí, ó ní, "Màámi, ẹ mọ ohun tí táyà yín lè gbé?" Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ọ́. 70 tó wà lára tèmi jẹ́ 335 kílò, 77 tó wà lára ti Ọmọ Ìgbógbó jẹ́ 412 kílò. Máṣíìnì fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣirò náà o, bó ṣe pín ìwúwo sẹ́yìn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, iyára ni: S jẹ́ 180 kìlómítà ní wákàtí kan, H jẹ́ 210. Ta ló fẹ́ sá 180 lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́? Kò sẹ́ni. Àmọ́ bó o bá rí èyí tí nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, fi sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Fọkanáísà Agric

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí èmi tí ń fọwọ́ bọ̀ ọ́ náà sọ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Agric níbí, ọ̀kadà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tá a ń kọ́ṣẹ́, táyà Dunlop tí wọ́n ṣe n'Íkẹjà àti Michelin tí wọ́n ṣe ní Port Harcourt ló kún ọwọ́ wa. Michelin ti kógbá sílé lọ́dún 2007, Dunlop náà dáwọ́ ṣíṣe dúró. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti òkè òkun wá la ń rí, tuntun àti ògbólógbòó ń dì mọ́ra wọn nínú kọ̀ńténà kan náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ DOT tí Bọ̀ọ̀dá sọ yẹn, ẹ gbé e sórí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni tuúbù. Èèyàn á ra táyà olówó gọbọi, á ní kí n lẹ tuúbù àtijọ́, pé ihò kan péré ló wà lára ẹ̀. Ó ra ẹṣin tán, ó wá ń ṣahun ìjánu. Tuúbù tó ti lò ti nà. Bí a bá tún tì í sínú táyà tuntun tí ikùn rẹ̀ le, á ká níbì kan, ibi tó bá ká sí ni yóò ti ya. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó bo orí sípóòkù náà ńkọ́? Bó bá ti gbẹ, orí sípóòkù á máa gún tuúbù lábẹ́. Èèyàn á ní ìṣó ló gún òun, kò mọ̀ pé inú ilé ni ọ̀tá wà.

Omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi wọ táyà, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí táyà máa yọ̀ lórí rímù. Ọfà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ apá ibi tí yóò máa yí sí. Mo ti tú táyà tí wọ́n fi sódì rí, lára máṣíìnì ọ̀gá ńlá kan tó wá láti Erékùṣù. Bó bá ní àmì yẹ́lò tóńtó, ẹ̀gbẹ́ ibi tí fáàfù wà là ń gbé e sí, torí ibi àmì náà ló fúyẹ́ jù lára táyà. Tí a bá fún un láfẹ́fẹ́ tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìlà kékeré tó yí i ká lẹ́bàá rímù. Bó bá ga níbì kan, tó rì níbòmíràn, kò tíì jókòó, ẹ má gùn ún lọ.

Àbúrò mi, bó o bá rà á, gbé e wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi táyà mọ́tò sí i fún ẹ o. Ẹ má bínú, Aláró.

Aláró l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Mo ti gbọ́. Mo ní fọkanáísà tèmi.

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì

Ká má gbàgbé 180 tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní Sábó. Èyí tó wà fún wíìlì 15 tí mo mọ̀ ni 180/70-15, táyà Kawasaki Vulcan 900. Ṣe ìṣirò rẹ̀. 80 yẹn, ìdá lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni, ara fífẹ̀ la ti ń yọ ọ́. Ìdá 80 nínú 170 jẹ́ 136 mìlímítà. Ìdá 70 nínú 180 jẹ́ 126. Ìyẹn ni pé táyà tó o rò pé ó tóbi yẹn, bó bá dúró, ó kúrú ju tìẹ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà méjì. Ó fẹ̀, ó wá kúrú, rímù tìẹ ò sì fẹ̀ bíi ti Vulcan, ó máa fún un létí pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe irú ẹ̀. Bó bá gbé èèyàn sẹ́yìn, táyà á máa ha irin ẹ̀gbẹ́, a máa ń gbọ́ ọ kó tó yọ sí wa.

Tó o bá rí 170/80B15, òun náà nìyẹn; lẹ́tà àárín yẹn ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà, B kò yí títóbi rẹ̀ padà. Èyí tó bá ní R ni kó o kọ́kọ́ wo ìwé máṣíìnì fún kó o tó fi í pẹ̀lú ti iwájú tí kì í ṣe R.

Ọmọ Ìgbógbó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ti padà dé. Mo lọ sí ọjà Ládìpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, wọ́n mú 170/80-15 jáde, inú mi dùn, mo yí i wo, 2113. Mo dá a padà. Ẹni tó ń tà á wò mí bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Ìgbà kejì, mi ò rí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló bá mi ra Shinko 777, ó fi bá ẹrù rẹ̀ wọlé. 77H ni, 3224 ló wà lára rẹ̀. Owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó táyà dọ́gba, mi ò ní sọ iye rẹ̀ níbí, ìyàwó mi ń ka ohun tí mò ń kọ.

Ọ̀dọ̀ Fọkanáísà ní Agric ni mo gbé e lọ. Tuúbù tuntun, rọ́bà sípóòkù tuntun. Ó fún un láfẹ́fẹ́ dé 33 psi, ó ní tí mo bá gbé èèyàn, kí n jẹ́ kó jẹ́ 36, àárọ̀ kí táyà tó gbóná sì ni kí n máa wọ̀n ọ́n. Táyà tuntun máa ń yọ̀ díẹ̀, mo rọra gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Sátidé tó kọjá ni mo tó gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kọ́nà tó wà kí èèyàn tó dé afárá Ìtóìkín, mo ti ń múra sílẹ̀ láti bá a jà bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo kàn wo ibi tí mò ń lọ, ó ti yà. Mo rẹ́rìn-ín nínú àṣíborí.

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì

Ayọ̀ lèyí. Ti iwájú ńkọ́?

Ọmọ Ìgbógbó

Ti iwájú kẹ̀? Eyín rẹ̀ ṣì pé, kò tíì jẹ rárá.

Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì

Mi ò béèrè eyín.

Ọmọ Ìgbógbó

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wò ó ni. 1415.