Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: postdoc jẹ́ọ́mẹ́tírì ni kí n gbà ni, àbí iṣẹ́ iléeṣẹ́?

Ọmọ Jẹ́ọ́mẹ́tírì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. PhD mi ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Orí mesh, ìyẹn àwọn onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí a so pọ̀ láti fi ya ara nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́: bí èèyàn ṣe lè na ara ẹranko tàbí aṣọ nínú kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́, kó lọ́ ọ, kó má sì di jákujàku. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe sọ́fítíwíà fún fíìmù àti géèmù ti ní kí n máa bọ̀. Yunifásítì kan sì fún mi láyè postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD, fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò dé ìdajì ti iléeṣẹ́. Ó wù mí kí n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ SIGGRAPH, àpérò ńlá lórí iṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà, dá pépà tí mo gbójú lé padà, ọ̀gá mi sì ń sọ pé kí n pa mesh tì, kí n kọjú sí neural network (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan láti inú àpẹẹrẹ), pé ibẹ̀ lowó ìwádìí wà. Èwo ni kí n ṣe?

Kóòdùmáàsùn:
Gba owó, jàre. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Graphics:
Kóòdùmáàsùn, ìwọ náà!

Àbúrò, ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ SIGGRAPH. Láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣe àpérò yẹn, pépà tí wọ́n ń dá padà sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ. Tún ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ kà. Bí wọ́n bá ní o ò fi wé àwọn ọ̀nà tó ti wà dáadáa, ìdánwò díẹ̀ ló kù. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí ẹni tó máa lò ó, ojú ewé àkọ́kọ́ ni kó o tún kọ, ibẹ̀ lo ti pàdánù wọn.

Kí ló sì dé tó ò gbé e lọ sí Symposium on Geometry Processing, àpérò tiwa lórí jẹ́ọ́mẹ́tírì? Láti 2003 ni àwọn tó máa fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ ti ń pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Olga Sorkine àti Marc Alexa ti gbé ọ̀nà as-rigid-as-possible, tó ń jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan ara nǹkan wà bó ṣe wà débi tó bá ṣeé ṣe bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, jáde ní 2007, bí mo sì ṣe ń wò ó yìí, ipasẹ̀ wọn lò ń tọ̀. Iṣẹ́ yẹn wà nínú libigl, ó wà nínú CGAL, àwọn àkójọ kóòdù jẹ́ọ́mẹ́tírì. Ta ló tún ń bèèrè pé àpérò wo ló ti jáde?

Ìyá Ìṣirò:
Ọ̀gá rẹ ò parọ́ nípa owó. Ṣùgbọ́n "pa mesh tì" yẹn ni mi ò fara mọ́. Wo DeepSDF tó jáde ní 2019: neural network ń kọ́ bí ojúkò kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ara nǹkan tó. Ó dáa. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ ara nǹkan ọ̀hún jáde ńkọ́? Ọ̀nà Marching Cubes ni wọ́n ń lò, èyí tí Lorensen àti Cline ṣe ní General Electric ní 1987. Kí ló sì ń bí? Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, mesh náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mú un rìn tàbí kó tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́rọ, ọwọ́ irú yín ló ń bọ̀. Kọ́ neural network débi tó o fi lè bá wọn sọ̀rọ̀, má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀.

Ayẹpépàwò:
Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gba ọ̀jọ̀gbọ́n síṣẹ́. A máa ń wo iye pépà o, ẹni tó bá ní a kì í wò ó ń tàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tá a máa ń jiyàn lé lórí nínú yàrá ni pé: ìbéèrè wo ni ti ẹni yìí? Bí a bá yọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kúrò, kí ló kù? Èyí ni postdoc wà fún. Bí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ lò ń lọ láti lọ ṣe iṣẹ́ kan náà, ọdún méjì yẹn ò ní fi nǹkan kan kún ọ. Wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó máa lè kọ lẹ́tà fún ọ láìjẹ́ pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Ẹ̀gbọ́n Graphics:
Òótọ́ ni. Ká sì má dẹ́rù bà á, iléeṣẹ́ kì í ti ìlẹ̀kùn pa. Pat Hanrahan kúrò ní iléeṣẹ́ fíìmù Pixar, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, ó tún lọ sí Stanford. Òun àti Ed Catmull ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Turing ti 2019, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ayẹpépàwò:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo wa ni Hanrahan. Ìbéèrè tó yẹ kó bi iléeṣẹ́ náà ni bóyá wọ́n á jẹ́ kó máa tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Hugues Hoppe wà ní Microsoft Research nígbà tí òun àti Kazhdan pẹ̀lú Bolitho kọ pépà Poisson Surface Reconstruction, ọ̀nà láti sọ ojúkò wẹ́wẹ́ di ara nǹkan, ní 2006, torí wọ́n gbà á láyè. Níbi tí wọn ò bá ti gbà, orúkọ rẹ á dákẹ́ sínú ilé.

Ọmọ Jẹ́ọ́mẹ́tírì:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní mo lè kọ pépà bí àwọn agbẹjọ́rò wọn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kóòdù ò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó fẹ́ gbà mí ní postdoc kì í ṣe ará ilé ọ̀gá mi, ìṣirò gan-an ló ń ṣe.

Ìyá Ìṣirò:
Kóòdù ò gbọdọ̀ jáde kẹ̀? Nínú iṣẹ́ tiwa, ìyẹn ni àwọn èèyàn fi ń mọ̀ ẹ́! Èmi á gba postdoc.

Ayẹpépàwò:
Èmi náà. Ṣùgbọ́n gbé kóòdù PhD rẹ síta kó o tó kúrò níbi tó o wà. Kó o tún fi ìwé àlàyé ìwádìí rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kó má ju ojú ewé méjì lọ.

Kóòdùmáàsùn:
Owó ni èmi ṣì sọ o.