Wọ́n fẹ́ ta ojú ibojì méjì tí wọn ò tíì lò fún mi: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ojúmọ́. Ọkùnrin kan fẹ́ ta ojú ibojì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún mi. Bàbá rẹ̀ ló rà wọ́n nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n sin bàbá sí. Iye tó pè kéré gan-an sí iye tí ọ́fíìsì itẹ́ òkú ń ta tiwọn. Ó ní ìwé lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí n san ìdajì owó kí ó lè bá mi dá wọn dúró. Èmi àti ìyàwó mi la fẹ́ ra wọ́n sílẹ̀ fún ara wa. Kí ni kí n béèrè, ìwé wo ló sì yẹ kí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́?

Ìdáhùn 1

Ẹ má san ìdajì kankan. Ibẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ra ojú ibojì kò ra ilẹ̀. Itẹ́ òkú ló ṣì ni ilẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń rà ni ẹ̀tọ́ láti sin òkú síbẹ̀ àti láti sọ ẹni tí wọn yóò sin. Inú rẹ́jísítà ọ́fíìsì itẹ́ òkú ni ẹ̀tọ́ yẹn wà, lábẹ́ orúkọ kan. Ìwé ọwọ́ olùtà kàn ń jẹ́rìí ohun tó wà nínú rẹ́jísítà ni. Bí ìwé bá wí tọ̀tún, tí rẹ́jísítà wí tòsì, rẹ́jísítà ni wọn yóò tẹ̀ lé lọ́jọ́ ìsìnkú. Títí orúkọ yín yóò fi wọ ibẹ̀, ẹ ò tíì ra nǹkan kan, bó ti wù kí owó tẹ́ ẹ san pọ̀ tó.

Ẹ ní kí ó ka sẹ́kíṣọ̀n, ìlà àti nọ́ńbà ibojì méjèèjì fún yín látinú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ́fíìsì fúnra yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè. Ẹ má lo èyí tí olùtà bá fún yín, torí oníjìbìtì lè fi ẹlòmíràn sídìí fóònù. Ẹ béèrè pé: Orúkọ ta ló wà lórí ibojì wọ̀nyí? Ṣé wọ́n ṣófo pátápátá, títí kan eérú òkú tí wọ́n sun? Ṣé gbèsè kankan wà lórí wọn? Ṣé òfin yín gbà kí oníbojì tà á fún ará ìta? Èló ni owó ìyípadà orúkọ?

Ẹ má fi ìbéèrè tó ṣìkẹrin yẹn ṣeré. Àwọn itẹ́ òkú kan kò gba títà rárá. Àwọn mìíràn ní dandan ni kí oníbojì kọ́kọ́ fi lọ ọ́fíìsì, bí ọ́fíìsì bá kọ̀ ọ́ ló tó lè tà á fún ẹlòmíràn. Àwọn kan pín ilẹ̀ wọn sí ti ìjọ kan tàbí ti ẹ̀sìn kan, ẹni tí kì í ṣe ti ibẹ̀ kò sì lè gba orúkọ.

Bí ọ́fíìsì bá ní àwọn kò lè sọ ọ̀rọ̀ ibojì ẹlòmíràn fún yín, kò burú. Ẹ jẹ́ kí olùtà kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, tàbí kí ẹ jọ lọ. Bí kò bá fẹ́ bá yín dé ọ́fíìsì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìdáhùn 2

Gbólóhùn kan nínú ìbéèrè yín ló gbà mí lọ́kàn: "Bàbá rẹ̀ ló rà wọ́n." Bàbá ti kú. Ṣé orúkọ bàbá ló ṣì wà nínú rẹ́jísítà, àbí ti ọmọ?

Bó bá jẹ́ ti bàbá, ogún ni ibojì wọ̀nyí, bí ilé àti mọ́tò ṣe jẹ́ ogún. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá a tà, àfi bí bàbá bá kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé òun ló ni ín. Ìwé tí ọ́fíìsì máa ń béèrè ni ìwé ẹ̀rí ikú bàbá, ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ lórí ogún, àti ìfọwọ́sí gbogbo ẹni tí ogún kàn, pẹ̀lú opó bó bá wà láyé. Wọn yóò kọ́kọ́ yí orúkọ sí ti àwọn ọmọ, kí wọ́n tó yí i sí tiyín. Nígbà mìíràn owó méjì nìyẹn. Ẹ bá olùtà sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò san èwo, kí ó tó di ariwo.

Bí ìwé bàbá bá ti sọnù, ìwé ìbúra níwájú ilé ẹjọ́ tàbí nótárì (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbúra àti ìfọwọ́sí) ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo bi í. Orúkọ bàbá ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan wà lókè òkun. Màmá wọn wà láyé. Ó ní gbogbo wọn ti gbà lórí fóònù. Ọ́fíìsì sì sọ fún mi pé òkúta tó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà ní sẹ́kíṣọ̀n yẹn. Ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì?

Ìdáhùn 2

Ẹnikẹ́ni kì í fi fóònù tọwọ́ bọ ìwé. Kí màmá àti àwọn tó wà nílé fọwọ́ sí i níwájú nótárì tàbí níwájú òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Kí ẹni tó wà lókè òkun fọwọ́ sí tirẹ̀ níwájú nótárì ibẹ̀ tàbí ní ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó sì fi ojúlówó ránṣẹ́. Ẹ bi ọ́fíìsì ṣáájú nípa irú òǹtẹ̀ tí wọ́n ń gbà, kí ìwé má baà rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì. Ìfọwọ́sí kan tó bá kù ni yóò dá ìsìnkú dúró nígbà tí pósí ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdáhùn 3

Ó ṣe pàtàkì, bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń ro òkúta ìdúró. Òfin sẹ́kíṣọ̀n kì í yí nítorí oníbojì tuntun. Ẹ gba ìwé òfin wọn kí ẹ kà á: ìwọ̀n òkúta, irú ohun tí wọ́n fi ṣe é, òdòdó gbígbìn, àti bóyá àpótí kọnkéré tí wọ́n ń gbé pósí sí jẹ́ dandan. Inú àpótí yẹn sábà máa ń fẹ̀ tó íńṣì 30. Ẹni tó sanra tó nílò pósí ńlá lè nílò èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ibojì ẹsẹ̀ bàtà 3 a sì há mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ béèrè ìbú àti gígùn ojú ibojì gan-an.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbẹ́ ẹ jìn kí wọ́n lè sin ènìyàn méjì lórí ara wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ojú ibojì kan tó fún tọkọtaya. Nígbà mìíràn àpáta tàbí omi ilẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe, bí ìwé tilẹ̀ ní ó ṣeé ṣe.

Ẹ béèrè iye ọdún pẹ̀lú. Ní England àti Wales, òfin tó de itẹ́ òkú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti ọdún 1977 kò gbà kí ẹ̀tọ́ náà kọjá ọdún 100 tí wọn kò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Ní Singapore, ọdún 15 ni òkú ń lò nínú ibojì láti 1998. Bí bàbá bá ra ẹ̀tọ́ ọdún 50, tí 30 ti lọ, ogún ọdún péré lẹ fẹ́ rà. Ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ san owó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ojú ilẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe olùtà nìkan. Ní igun sẹ́kíṣọ̀n tàbí igun ibojì, wọ́n sábà máa ń ri òpó kékeré kan mọ́lẹ̀, irin tàbí kọnkéré, tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Koríko máa ń bò ó. Òṣìṣẹ́ á fi ọ̀bẹ gé koríko náà yípo, á nu ojú rẹ̀ kí nọ́ńbà lè hàn, á ta tẹ́ẹ̀pù láti ibẹ̀, á sì ka ibojì kọ̀ọ̀kan títí dé tiyín. Ẹ ní kí ó fi ọ̀pá irin gígùn gún ilẹ̀ ojú méjèèjì. Bí ọ̀pá bá gbá nǹkan líle ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi sọ ohun tó jẹ́. Ó lè jẹ́ òkúta lásán tàbí gbòǹgbò igi, ó sì lè jẹ́ etí àpótí ibojì ẹ̀gbẹ́ tó yà wọ tiyín nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ ní wọ́gọwọ̀gọ. Nínú itẹ́ òkú àtijọ́ pàápàá, máàpù àti ilẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bára mu.

Ìdáhùn 4

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Ẹ má fi iye tó pè wé iye ọ́fíìsì ní tààrà. Ẹ kọ́kọ́ fi owó ìyípadà orúkọ kún un, àti owó ìtọ́jú ilẹ̀ bí wọ́n bá ń gbà á lọ́wọ́ oníbojì tuntun. Itẹ́ òkú ìlú sì máa ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé ìlú náà. Àǹfààní tí bàbá jẹ gẹ́gẹ́ bí ará ìlú lè má kàn yín. Gbígbẹ́ àti dídí ibojì, àpótí kọnkéré àti òkúta kò sí nínú ohun tí ẹ ń rà. Bí ó bá ní bàbá ti sanwó wọn sílẹ̀, àdéhùn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ọ́fíìsì fi ẹnu ara wọn sọ bóyá ó ṣeé gbé fún ẹlòmíràn.

Ọ́fíìsì itẹ́ òkú ni kí ẹ ti sanwó fún olùtà, lójú òṣìṣẹ́, nígbà tí gbogbo ìwé bá ti pé. Bí owó bá pọ̀, kí ó wà lọ́wọ́ lọ́yà títí orúkọ yóò fi yí padà. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ nọ́ńbà ibojì méjèèjì, ẹni tí yóò san owó ìyípadà, àti pé olùtà yóò dá gbogbo owó padà bí ọ́fíìsì bá kọ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ ò ní sá lọ, ìwé àdéhùn yẹn tó.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin àti ìyàwó yín jọ wà lórí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́, ìyàwó yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ogún kí ó tó lè fọwọ́ sí gbígbẹ́ ibojì tàbí òkúta. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí tuntun bá dé, ẹ fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé nọ́ńbà rẹ́jísítà níbẹ̀ níwájú wọn. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìhágún tàbí sí àpótí bánkì, torí ìsìnkú máa ń wáyé kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwọ̀nyẹn. Kí ọmọ kan ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì ti bá yín dé ojú ibojì náà rí.