Ìdajì hemoglobin, nọ́ńbà 6 àti 7: ibi tí fáìlì PDB àti AlphaFold ti ń tan èèyàn

Ẹ gba fáìlì 1HHO àti 4HHB láti PDB, ilé ìkójọ ìrísí àwọn protein, sórí kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kan náà. Hemoglobin èèyàn, protein tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, ni méjèèjì, ẹ̀wọ̀n (chain) mẹ́rin ló sì yẹ kí hemoglobin ní: alpha méjì, beta méjì. Ẹ ṣí 4HHB, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀, A títí dé D. Ẹ ṣí 1HHO, A àti B nìkan lẹ máa bá. Fáìlì náà kò bàjẹ́ o. Nínú kírísítà 1HHO, ìdajì kejì bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí, wọn ò wulẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò bí wọ́n ṣe máa yí i kó lè di odidi ni wọ́n kọ sínú fáìlì.

Ẹni tí kò bá mọ èyí á mú ìdajì lọ ṣiṣẹ́. Á ṣírò ibi tí omi ti lè kan ara protein náà, á wá ka àwọn amino acid tó há sáàárín ẹ̀wọ̀n méjì mọ́ àwọn tó wà níta. Biological Assembly 1, ìyẹn odidi protein náà bó ṣe wà nínú ara, ni kẹ́ ẹ gbà lójú ewé 1HHO nínú PDB. Nínú PyMOL, sọ́fítíwìà tó ń ya àwòrán protein, ẹ tẹ fetch 1hho, type=pdb1. Ó ku ìgbésẹ̀ kan tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: set all_states, on. Ìdajì àkọ́kọ́ wà ní state 1, èkejì wà ní state 2. Tẹ́ ẹ ò bá tàn án, ìdajì kan náà lẹ ṣì máa rí, ẹ á sì rò pé àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́.

* * *

Òdìkejì ẹ̀ náà wà. 2HBS, ìyẹn hemoglobin S tó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ ló ní, torí odidi hemoglobin méjì ló wà nínú fáìlì. B, D, F àti H ni beta.

Àmọ́ nọ́ńbà ló ń dá èèyàn láàmú jù níbẹ̀. Nínú PDB, ipò 6 ni amino acid glutamate tó yí padà di valine wà. Nínú UniProt, ilé ìkójọ ètò amino acid àwọn protein, níbi tí beta ń jẹ́ P68871, ipò 7 ni, torí UniProt ka methionine ìbẹ̀rẹ̀ tí ara máa ń gé dànù. Ẹ wá wo bí beta ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí methionine bá kúrò: V-H-L-T-P-E-E-K (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún amino acid kan: V ni valine, E ni glutamate). Glutamate wà ní 6, òmíràn tún wà ní 7! Tẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà 7 láti UniProt lọ sínú 4HHB, tẹ́ ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá glutamate ló wà níbẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àṣìṣe tí kì í pariwo nìyẹn. Ká ní proline ló jókòó síbẹ̀ ni, ẹ ò bá ti tètè fura.

Ẹ má fọwọ́ ara yín ro 1 mọ́ ọn tàbí yọ 1 kúrò. SIFTS tó wà lọ́dọ̀ PDBe (ẹ̀ka PDB ní Yúróòpù) máa ń sọ amino acid wo nínú PDB ló bá èwo mu nínú UniProt, lọ́kọ̀ọ̀kan. mmCIF (.cif), irú fáìlì tí PDB ń lò lóde òní, fúnra rẹ̀ sì ní nọ́ńbà oríṣi méjì, label_seq_id àti auth_seq_id. Èyí tó wà nínú ìwé ìwádìí sábà máa ń jẹ́ auth, òun náà sì ni Biopython, àkójọ irinṣẹ́ Python, ń lò tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan míì fún un.

* * *

Ẹ mú P68871 yẹn náà lọ sínú AlphaFold DB, ibi tí wọ́n kó ìrísí protein tí AI AlphaFold sọ tẹ́lẹ̀ sí, tí protein inú rẹ̀ ti lé ní 200 mílíọ̀nù láti 2022. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa: ihò tí heme, apá onírin tó ń di oxygen mú, ń gbé ṣófo. AlphaFold DB kì í fi heme, irin tàbí oògùn kankan síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe docking síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà dán an wò bí oògùn ṣe máa wọ ara protein, ilé heme ló ń gbé oògùn sí.

Òpó (column) B-factor nínú fáìlì ńkọ́? Nínú fáìlì kírísítà, nọ́ńbà tó ga níbẹ̀ túmọ̀ sí pé átọ́ọ̀mù náà ń mì tàbí kò hàn dáadáa. pLDDT, máàkì bí ìsọtẹ́lẹ̀ náà ṣe dá a lójú tó, ni AlphaFold fi sínú òpó kan náà, òun sì rèé, bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó: èyí tó ju 90 lọ ṣeé gbára lé gan-an, 70 sí 90 dára, èyí tí kò tó 50 sábà máa ń jẹ́ apá tí kò ní ìrísí kan pàtó. Àṣẹ tó ń yọ gbogbo ohun tí B rẹ̀ ju 80 lọ á da ibi tó dára jù nù, á wá ṣẹ́ jákujàku kù fún yín. Ẹ wo àwòrán PAE náà, tó ń sọ bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó nínú ibi tí apá kan dúró sí sí èkejì: apá méjì lè dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ibi tí ọ̀kan dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì jẹ́ àbá lásán.

Ẹ má sì yí E sí V fún AlphaFold kẹ́ ẹ wá retí pé àìsàn á hàn. Ìrísí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fún yín. Hemoglobin kan ló ń lẹ̀ mọ́ èkejì nígbà tí oxygen bá ti kúrò lára wọn: valine 6 á ki orí bọ àpò tó wà níbi phenylalanine 85 àti leucine 88 lára beta aládùúgbò. Ìdí tí 2HBS fi wúlò nìyẹn, torí aládùúgbò wà nínú fáìlì náà.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo .pdb, ẹ bọ́ sórí .cif. Ìgbà káàdì oníhò ni wọ́n ti ṣe ti àtijọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi ní àyè 80. PDB ò ní ju protein 7 lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971. Àyè márùn-ún ni fáìlì .pdb fún nọ́ńbà átọ́ọ̀mù, ó parí sí 99,999, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì fún ẹ̀wọ̀n. Ribosome ńlá, ẹ̀rọ tó ń ṣe protein nínú sẹ́ẹ̀lì, ò lè wọ̀ ọ́; .pdb rẹ̀ ò sí, 404 lẹ máa rí.

Kẹ́ ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ ka REMARK 465 nínú .pdb (nínú .cif, pdbx_unobs_or_zero_occ_residues ló ń jẹ́), ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn amino acid tí kò hàn sí. Tí átọ́ọ̀mù kan bá ní ipò méjì, ẹ mú A nìkan nínú PyMOL: remove not alt ''+A, lẹ́yìn náà alter all, alt=''. Tẹ́ ẹ bá fi méjèèjì sílẹ̀, ohun tó kàn ni kí sọ́fítíwìà máa kígbe pé átọ́ọ̀mù ń gun ara wọn.