Àkàbà kan náà, mo wà lókè, ọmọ mi wà nísàlẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Maryland l'Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé: àwòrán àkàbà onípele mẹ́wàá, kí a sàmì sí ibi tí ìdílé wa wà láwùjọ. Mo sàmì sí ìkeje. Ó pa á rẹ́, ó fà á wá sí ìkẹrin.

Ilé tí mo ti jáde n'Íbàdàn ni mò ń wò. Àwọn òyìnbó kíláàsì rẹ̀ lòun ń wò. Ó ka ìwádìí báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 2022 sí mi létí: tí wọ́n bá yọ gbèsè, ìdílé òyìnbó tó bọ́ sí àárín ní dúkìá $285,000, ti aláwọ̀ dúdú $44,900. Ẹnu mi wọhò.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ló wá dìjà. Mo ní kí kálukú tẹpá mọ́ṣẹ́. Ó ní kí ìjọba fi kún owó orí olówó. Mo ti sọ ìyà tí mo jẹ fún un, bàbá rẹ̀ náà dá sí i, pàbó. (Ká sòótọ́, èmi náà kì í jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ níbí, báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń fojú di ohun tó ń dùn ún? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.