Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ geere, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣubú lórí ọ̀kadà n'Ìbàdàn, kò sì dé akoto. Egungun tó kán ti jinná, ojú ọgbẹ́ ti san, kì í kólòlò, ni gbogbo ayé bá ń kí wa kú oríire.

Àwa tá a jọ ń gbé la mọ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń tàkúrọ̀sọ, kò lè bá wọn lọ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ilé, á yà sórí bọ́ọ̀lù, kò sì ní rántí ibi tó ti yà. Lọ́jọ́ kan, bàbá wa àgbà fẹ́ tù ú nínú, wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó tẹjú mọ́ wọn, ó ní, "Ọba wo? Ìgbà wo nilé ẹ̀ jó?" Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o, kò yé e ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé òwe ló fi ń jẹun! Màmá wa dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ó tún wá ń pe àgbà ní "ìwọ". Àwọn mọ̀lẹ́bí kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ìyẹn ló dùn mí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Mo ka ti Phineas Gage, òṣìṣẹ́ ojú irin ní Vermont l'Amẹ́ríkà, tí ọ̀pá irin gba orí rẹ̀ kọjá ní 1848. Ó yè é, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ dókítà Harlow tó tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń sọ ìsọkúsọ tí kì í sọ tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní kì í ṣe Gage táwọn mọ̀ mọ́. Apá iwájú ọpọlọ ló bàjẹ́. Ọkùnrin tí Broca, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ní Paris ní 1861 yàtọ̀ pátápátá: ó ń gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ, àmọ́ "tan" nìkan ló sábà máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Apá òsì ni ọgbẹ́ tiẹ̀ wà.

Nílé wa báyìí, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A máa ń pa tẹlifíṣọ̀n, a sì máa ń dúró kó ro èsì rẹ̀ tán. Ó ń dáa díẹ̀díẹ̀. Tí àlejò bá wá pọ̀ nílé, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?