Lórí "òṣùwọ̀n ìgbóná tọkọtaya": orúkọ yẹn ò ní ran ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, wọ́n ní kí la máa pe mítà kékeré yẹn tó ní wáyà lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, thermocouple thermometer lòyìnbó ń pè é, wọ́n wá dábàá "òṣùwọ̀n ìgbóná tọkọtaya". Ẹlòmíì ní ká kàn kọ ọ́ ní "tẹmokọ́pù" kó parí síbẹ̀. Màmá wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní tẹmómítà ti tó, pé kí la tún ń wá. Èmi, iṣẹ́ firíìjì àti ófùn ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ojoojúmọ́ ni nǹkan yìí ń wà lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé èwo ni káwọn rà tí owó ẹ̀ ò ní pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á tó bá gùn díẹ̀.

Orúkọ tá a bá fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń rà, wáyà tó ń mọ ooru lára, àti àpótí tó ń ka iye ẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, ọjọ́ tí wáyà bá já á ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó lọ ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ wáyà nìkan ló bàjẹ́, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀ ní Alábà, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mítà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú tọkọtaya. Mo mọ̀ pé "couple" ni ẹ̀gbọ́n wa ń tú, àmọ́ tọkọtaya lẹ́nu wa, ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ra ni, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí ò ní ro ìgbéyàwó. Ohun tó wà nínú wáyà yìí, irin oríṣi méjì ni, wọ́n jó orí wọn pọ̀ lójú kan ṣoṣo, gbogbo ibi tó kù wọn ò gbọ́dọ̀ fara kanra. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni Type K, irin kan jẹ́ nickel tí wọ́n po chromium mọ́, ìkejì jẹ́ nickel tí wọ́n po aluminium díẹ̀ mọ́. Tí ibi tí wọ́n ti jó wọn pọ̀ bá gbóná ju ìdí wọn tó wọ inú mítà lọ, iná mànàmáná kékeré kan á jáde, nǹkan bíi mílífóòtì 4.1 tí orí bá wà ní 100°C tí ìdí sì wà ní 0°C. Iná yẹn kéré gan-an, bátìrì rìmóòtù ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́ mílífóòtì 1500. Òun ni mítà ń kà tó fi ń sọ iye ooru fún wa.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni orúkọ nǹkan yìí dà láàmú. Thomas Johann Seebeck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kíyè sí iṣẹ́ irin méjì yìí ní 1821, irin méjì ló so pọ̀ bí òrùka, ó mú ojú kan gbóná, ó wá rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yí, ló bá gbà pé òòfà ni ooru ń dá sílẹ̀, ó sì fún un lórúkọ tó bá òòfà mu. Ørsted ará Denmark ló wá là á yé àwọn èèyàn pé iná mànàmáná ló ń sáré nínú òrùka yẹn, iná yẹn ló sì yí abẹ́rẹ́, ó wá fún un lórúkọ tó bá iná mànàmáná mu, orúkọ ti Ørsted ló dúró títí dòní. Tí ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan bá lè sọ ọ́ lórúkọ tí ò bá iṣẹ́ ẹ̀ mu, ó yẹ káwa náà fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tó ń ṣe ká tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn "wáyà onírin-méjì". Kì í ṣe inú mítà nìkan ló wà. Ẹ wo kúkà gáàsì yín tó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń sé gáàsì fúnra ẹ̀ tí iná bá kú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà tí iná ń lá, nǹkan kan náà nìyẹn, irin méjì tó ń mú iná mànàmáná kékeré jáde, iná yẹn ló ń di fáàfù gáàsì mú kó má padé. Ìyẹn ò ka iye kankan fún ẹnikẹ́ni. Tá a bá ní "òṣùwọ̀n", kò bá ti kúkà mu rárá, tá a bá ní wáyà onírin-méjì, ó bá méjèèjì mu. Ẹnìkan lè sọ pé áyọ̀ọ̀nù ìlọṣọ náà ní irin méjì nínú. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn, ewé irin méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tó bá gbóná á tẹ̀, títẹ̀ tó tẹ̀ ló ń gé iná. Kì í ṣe wáyà. Torí náà ọ̀rọ̀ "wáyà" yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹ̀.

"Tẹmokọ́pù" ńkọ́? Mi ò lòdì sí i, ẹni tó bá fẹ́ kó máa sọ ọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, "sẹ́ńsọ̀" ni wọ́n ń pe gbogbo nǹkan tó bá ti ní wáyà, sẹ́ńsọ̀ firíìjì, sẹ́ńsọ̀ ófùn, wọ́n á wá lọ ra sẹ́ńsọ̀ kékeré ti firíìjì wá fún mítà Type K, kò sì ní ṣiṣẹ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ àyálò míì tí ò túmọ̀ sí nǹkan kan létí wọn ò ní gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn.

Ó ku ìgbóná. Àwọn àgbà inú wa mọ̀ pé ìgbóná lorúkọ tí àwọn bàbá wa ń fi pe Ṣànpọ̀nná kí wọ́n má baà pe orúkọ ẹ̀ gan-an. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde ní 1980 pé àrùn yẹn ti kúrò láyé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò létí àwọn èèyàn. Ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì, tí mo bá tún ààrò ṣe, bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe pe òṣùwọ̀n ìgbóná báyìí, màmá ní "ìgbóná wo nínú bẹ́kárì mi?", wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó bá kéré á rò pé ti ibà ni, ti ara gbígbóná. Èmi á yan "ooru". Ẹnìkan béèrè pé ṣé ooru ló wà nínú fíríṣà tó wà ní -18°C ni. Tá a bá tẹ̀ lé sáyẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ò bá tíì tutù dé -273.15°C ṣì ní ooru nínú. Oníbàárà ò nílò àlàyé yẹn, "mítà ooru" á yé e, á sì yé e náà pé mítà tó ń ka ooru lè sọ fún un pé ooru ò sí níbẹ̀.

Mítà ooru oníwáyà ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ nígbà yẹn. Ó sì yàtọ̀ sí tẹmómítà ti màmá wa, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ abíyá, tí nọ́ńbà ẹ̀ máa ń parí sí 42, nígbà tí ààrò búrẹ́dì á ti kọjá 200. Ó tún yàtọ̀ sí ìbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní 2020. Ojú nǹkan nìkan nìyẹn ń rí, tẹ́ ẹ bá nà án sí ìkòkò tó ń dán tó ń hó, iye tó máa sọ á kéré gan-an sí òótọ́, torí nǹkan tó bá ń dán kì í tú ooru síta dáadáa. Wáyà máa ń wọnú nǹkan lọ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí jù wá rèé. Nínú àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, wọ́n lo "ìpéye" fún accuracy, ìyẹn bí ohun tí mítà sọ ṣe sún mọ́ òótọ́ tó, wọ́n tún lò ó fún resolution, ìyẹn bí ẹyọ tó lè fi hàn ṣe kéré tó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi mítà olówó pọ́ọ́kú tan èèyàn jẹ! Mítà á máa fi 231.4 hàn, ẹni tó ń wò ó á rò pé torí pé ó ní ẹyọ lẹ́yìn àmì, òótọ́ ni. Mítà lè gé nǹkan wẹ́wẹ́ kó sì máa parọ́. Type K tó wọ́pọ̀, wáyà nìkan, wọ́n gbà á láyè kó fi 2.2°C yẹ̀, tó bá sì ti lọ sókè kọjá 300, ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn túmọ̀ sí pé ní 800°C ó lè yẹ̀ tó 6 kó má sì ní ẹ̀bi kankan. Mo wá dábàá "ìgéwẹ́" fún resolution, torí bó ṣe gé e wẹ́wẹ́ tó ni, àti "ìtọ̀nà" fún accuracy, torí a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni kó máa sọ ohun kan náà nígbà gbogbo, ìyẹn "ìdúróṣinṣin" ti wà tẹ́lẹ̀. Fún oníbúrẹ́dì, ìdúróṣinṣin ló ṣe kókó jù, mítà tó bá ń fi 3 lé e lójoojúmọ́ ṣeé lò, á yọ 3 kúrò ni, èyí tó ń fi 3 lé lónìí tó ń yọ 4 lọ́la, kó dá a padà fún ẹni tó tà á.

Wọ́n tún pe calibration ní "ìfòǹtẹ̀lù". Mi ò gbà. Òǹtẹ̀, ìwé ni wọ́n ń lù ú, bébà kékeré tó wà nínú páálí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Ohun tá à ń sọ ni kẹ́ ẹ mú mítà lọ síwájú nǹkan tí ooru ẹ̀ ti dájú kẹ́ ẹ wo ohun tó máa sọ. "Ìyẹ̀wọ̀n" ni mo fẹ́, yíyẹ ìwọ̀n wò. Ó sì rọrùn láti ṣe nílé. Ẹ fọ́ áísì wẹ́wẹ́, ẹ kó o kún fúláásìkì, ẹ da omi tútù díẹ̀ sí i kí omi kan gba àárín áísì, kì í ṣe kí áísì máa léfòó lórí omi o. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ ti orí wáyà bọ àárín ẹ̀, kó má kan ìdí fúláásìkì kó má sì kan ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà á kọ́kọ́ sáré wálẹ̀, 29, 17, 8, á wá máa fà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó lọ títí nọ́ńbà ò fi ní yí mọ́. 0 ló yẹ kó wà, 1 tàbí 2 sókè tàbí sísàlẹ̀ ò burú fún mítà olówó kékeré. Lẹ́yìn náà, omi híhó. L'Ékòó, 100°C, n'Íbàdàn, ó fi díẹ̀ lé ní 99, ní Jos tí ilẹ̀ ẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 1200 ga ju òkun lọ, omi á ti máa hó ní 96, ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí mítà ẹ̀ sọ 96 kó má lọ bá ọlọ́jà jà.

Àwọn tó ń tà á máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ó ń kà dé 1300. Mítà lè kà á, wáyà tó bá a wá nínú páálí ò lè fara dà á. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú gíláàsì wé, tó bá ti kọjá nǹkan bíi 400, òwú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, irin méjèèjì á fara kanra níbi tí kò yẹ, mítà á wá máa ka ooru ibi tí wọ́n ti kanra dípò ti orí. Fún ààrò búrẹ́dì, ó tó. Ẹni tó ń yọ́ idẹ, kó lọ ra wáyà tó wà nínú ọ̀pá irin. Ẹ wo orúkọ tá a yàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí, mítà tó 1300, wáyà onírin-méjì ò tó o. Tó bá jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún oníbàárà?

Ti àwọ̀ náà wà ńbẹ̀, kí n yára sọ ọ́. Nínú àwọ̀ tí Amẹ́ríkà ń lò fún Type K, pupa ni nẹ́gẹ́tíífù, yẹ́lò ni pọ́sítíífù, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwa oníṣẹ́ iná, pupa la mọ̀ sí ẹni tó gbé iná. Ti IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà nǹkan iná mànàmáná, gíríìnì ni pọ́sítíífù, funfun ni nẹ́gẹ́tíífù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé bí ẹ ṣe ń fi iná sí orí wáyà ni nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀, mítà ò bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹnu wáyà méjèèjì. Ẹ má sì fi wáyà iná lásán so ó gùn o, bàbà kì í ṣe ọ̀kan nínú irin méjì yẹn.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ gidi fún ni ohun tí òyìnbó ń pè ní cold junction, ibi tí wáyà ti wọ inú mítà. Mò ń pè é ní "ìdí wáyà" látòkè wá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí orúkọ ẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí àti ìdí nìkan ni wáyà ń sọ, mítà gbọ́dọ̀ mọ ooru ìdí kó tó lè rò ó mọ́ ọn. Ẹ fi wáyà kékeré kan so ihò méjèèjì mítà pọ̀, ẹ máa rí i pé ooru yàrá ló máa kọ, ooru ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò nínú yàrá tí éésì wà lọ sínú òòrùn, nọ́ńbà ẹ̀ á ṣìnà fúngbà díẹ̀ kó tó balẹ̀. "Oríta tútù" tí ẹnìkan kọ ò lè ṣe é, torí ìdí yẹn kì í tutù, ní ṣọ́ọ̀bù mi ó lè wà ní 36 lọ́sàn-án. Ṣé ká fi í sílẹ̀ ní ìdí wáyà, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ẹ̀ka èdè míì, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìgbómìnà, ẹ ní ọ̀rọ̀ kan fún ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan?