Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ: èwo ni kí n fi ṣíwájú fún àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́?

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mò ń múra ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi lásìkò ìsinmi, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ni mo sì fẹ́ gbé e kà. Ọjọ́ náà ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Òun náà ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima ní 1945, òun ni Jàmáíkà gba òmìnira ní 1962, òun sì ni Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ṣé ó tọ́ kí n kó gbogbo wọn pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ nìkan ló pa wọ́n pọ̀? Èwo ni kí n sì fi ṣíwájú?

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́:
Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ti 1861 ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ẹ̀pẹ́ wa níbí ni Kòsọ́kọ́ sá wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba, òun ni wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn ká iwájú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, tí wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn yóò yìnbọn sí ìlú bí kò bá gbà. Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn fẹ́ fòpin sí, ṣùgbọ́n òwò epo pupa náà ń wọ̀ wọ́n lójú. Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ padà sí Èkó ní 1862.

Ìyá Ìbejì:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ọjọ́ ti ń yí padà. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15 òwúrọ̀ ni bọ́ǹbù bú ní Hiroshima, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ló ṣì jẹ́ ní Washington. Aago ọwọ́ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró pa sí ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì fún wọn láyè láti béèrè ìbéèrè. Ọdún Káyọ̀káyọ̀ tí a fi ń rántí dídé Kòsọ́kọ́, ẹ̀yìn Iléyá la máa ń ṣe é, nítorí náà òṣùpá ló ń tẹ̀ lé, kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú kàlẹ́ńdà wa lọ́dọọdún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ọjọ́ nìkan ló so gbogbo wọn pọ̀. Ìjọba kan náà tó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ló ti gba Jàmáíkà lọ́wọ́ Spéènì láti 1655, òun ló sì gbé àsíá rẹ̀ wálẹ̀ ní pápá ìṣeré ní Kingston ní òru tí ọjọ́ kẹfà wọlé ní 1962. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo àsíá tuntun gòkè lóru yẹn, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n. Ti 1965 náà kò jìnnà sí èyí, nítorí òfin yẹn ló fi òpin sí ìdánwò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí wọ́n fi ń dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti dìbò ní gúúsù Amẹ́ríkà. Hiroshima ni kí ẹ dá yà sọ́tọ̀.

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Láti 1851 ni màá bẹ̀rẹ̀, màá wá gba Jàmáíkà dé Amẹ́ríkà, màá sì fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Hiroshima. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ lè bá mi bẹ ọ̀kan nínú àwọn bàbá àdúgbò yín kó wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa Kòsọ́kọ́?